Orí Kẹfà: Ìwúkàrà àti Bakitéríà nínú Ọtí Èso

6.1 Ìkòkò àgàdàgídí

Ní agbègbè Sekona, lójú ọ̀nà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá sí Ẹdẹ, àgbẹ̀ kì í wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tì. Ó ti pẹ́ tí àwọn olóko kòkó nílẹ̀ Yorùbá ti ń gbìn ín sáàárín kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo kòkó náà. Nígbà tó bá so, èyí tí wọn kò rí jẹ tí wọn kò sì rí tà á pọ́n títí èèpo rẹ̀ yóò fi dúdú. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àgàdàgídí, ọtí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbi ìnáwó àti nígbà ọdún ìbílẹ̀. Wọn á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọn á fọ́ ọ sínú omi, wọn á dé e mọ́ inú ìkòkò tàbí kẹ́ẹ̀gì fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọn á sẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó bu ìwúkàrà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bu bakitéríà sí i. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ni ẹni tó bá mu ún ń tọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìkòkò náà wò. Lọ́jọ́ kìíní, omi rẹ̀ ki, ó dùn, kò sì ní òórùn kankan ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ẹran ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti léfòó, ìfófòó funfun á ti bo ojú rẹ̀, bí a bá sì dẹtí sí i, a ó gbọ́ bó ṣe ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Híhó tí à ń wí yìí kì í ṣe ti orí iná. Adùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta, kíkan ti wọ̀ ọ́ díẹ̀, ó sì ti ń pa ni. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún tàbí ọjọ́ kẹfà láìbò ó dáadáa, òórùn ọtí kíkan á gba gbogbo ilé, kantíkantí á sì ṣù bo ẹnu ìkòkò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ kó tó dénú ìkòkò. Sítáàṣì ló kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ìwúkàrà tí à ń lò fún ọtí kò sì lè jẹ sítáàṣì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n, énsáìmù inú rẹ̀ ń sọ sítáàṣì yìí di ṣúgà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe àgàdàgídí kì í fi gba èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Wọ́n mọ̀ láti inú ìrírí pé kò ní í hó dáadáa. Ní 1988, A. I. Sanni àti B. A. Oso tẹ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí yìí, láti ìgbà náà ló sì ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí ọtí èso tí ìwúkàrà àti bakitéríà jọ ń ṣe.

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín ni bí a ṣe lè fi ìmọ̀ṣe kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ọtí èso, kí a má fi wọ́n sílẹ̀ fún oríire. Kókó ibẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò ni pé ásíìdì tó wà nínú èso ló ń sọ bóyá bakitéríà máa tún ọtí náà ṣe tàbí ó máa bà á jẹ́.

6.2 Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ

Ìbátan olú ni ìwúkàrà, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Saccharomyces cerevisiae ni èyí tó wúlò jù fún ọtí, òun náà ló sì ń mú búrẹ́dì wú. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ níbi tó wà, àní bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn díẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó máa ń sọ ṣúgà náà di ẹ́tánọ́ọ̀lù, èròjà tó ń pa ọ̀mùtí, á sì tú kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì jáde, afẹ́fẹ́ tó ń fa ìfófòó. Nínú giráàmù 180 gúlúkóòsì, 92 ń di ẹ́tánọ́ọ̀lù, 88 ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Orí ìwé nìyẹn. Lójú iṣẹ́, ìwúkàrà ń mú díẹ̀ nínú ṣúgà náà fi kọ́ ara rẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ọtí fi ń ka nǹkan bí giráàmù 17 ṣúgà nínú lítà kan sí ìdá 1 nínú 100 ẹ́tánọ́ọ̀lù. Omi èso tó bá ní giráàmù 170 ṣúgà nínú lítà kan lè di ọtí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 10 nínú 100.

Bakitéríà kéré sí ìwúkàrà gan-an, oúnjẹ wọn sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn tó ń ṣe ásíìdì láktíìkì ló ń mú ògì kan, tó ń mú wàrà kan, wọ́n sì lè gbé níbi tí ọ́síjìn kò sí. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ju ásíìdì láktíìkì lọ bí wọ́n bá jẹ ṣúgà irú gúlúkóòsì. Àwọn mìíràn ń ṣe é pọ̀ mọ́ ásíìdì asẹ́tíìkì tàbí ẹ́tánọ́ọ̀lù àti kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú, nítorí a máa nílò rẹ̀ ní 6.6. Àwọn tó ń ṣe ásíìdì asẹ́tíìkì ní tiwọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tí ìwúkàrà ti ṣe ni wọ́n ń sọ di fínígà. Àwọn ni kantíkantí ń gbé lẹ́sẹ̀ kiri láti ara èso tó ti rà.

Ọ̀kan wà tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: Zymomonas mobilis. Bakitéríà ni, ẹ́tánọ́ọ̀lù ló sì ń ṣe bí ìwúkàrà. Paul Lindner, ọmọ Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 láti inú pulque, ọtí ìbílẹ̀ àwọn ará Mẹ́síkò. Ó wà nínú ẹmu tiwa náà.

6.3 Ẹ̀kọ́ tí ẹmu kọ́ àwọn onímọ̀

Kò sí ọtí nílẹ̀ wa tí wọ́n ti yẹ̀ wò tó ẹmu. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Olumbe Bassir kọ̀wé lórí bí ẹmu ṣe ń hó ní 1962, S. I. Faparusi sì bá a ṣe iṣẹ́ náà síwájú lẹ́yìn ìyẹn. Nduka Okafor tẹ ìwádìí jáde lórí ìwúkàrà inú ẹmu Nàìjíríà ní 1972, ó tún ṣe ti bakitéríà inú rẹ̀ ní 1975.

Omi tó ń ro láti ara ọ̀pẹ kò kan rárá nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde. pH rẹ̀ sún mọ́ 7, ṣúgà inú rẹ̀ sì máa ń tó ìdá 10 sí 12 nínú 100. Adẹ́mu kì í fọ agbè rẹ̀ ní àfọ̀tán, èyí tó kù nínú rẹ̀ láná ló ń ran ti òní lọ́wọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan, bakitéríà ásíìdì láktíìkì á ti bí sí i, pH á ti máa já wálẹ̀. Jíjá yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ sẹ́yìn, ìwúkàrà ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù kíkan. Á gba iṣẹ́ náà, á sọ ṣúgà di ọtí, kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì rẹ̀ á sì máa lé ọ́síjìn kúrò lójú ẹmu. Níwọ̀n ìgbà tí híhó náà bá ṣì lágbára, bakitéríà fínígà kò rí ọ̀nà wọlé. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ ni wọ́n á tó dé, ìyẹn ni ẹmu àná fi ń kan ju ti òwúrọ̀ lọ.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni ètò tó wà láàárín wọn: ẹni tó kọ́kọ́ dé ń tún ilẹ̀ ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tàbí kó bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oníṣẹ́ ọtí tó bá fẹ́ lo méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú.

6.4 Ásíìdì málíìkì di láktíìkì

Ní Yúróòpù, nígbà tí Louis Pasteur kọ ìwé rẹ̀ lórí ọtí wáìnì ní 1866, àrùn ọtí ló ka bakitéríà sí. Ojú tí ọ̀pọ̀ fi wò wọ́n nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń ṣe wáìnì sì ti ń rí i tipẹ́ pé ọtí tó kan gan-an nígbà òtútù máa ń rọ̀ lẹ́nu nígbà tí ooru bá padà dé, wọn kò kàn mọ ohun tó fà á ni. Hermann Müller-Thurgau àti Osterwalder, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland, ló fi hàn ní 1913 pé bakitéríà ló ń jẹ ásíìdì málíìkì inú ọtí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì láktíìkì.

Kẹ́mísìrì rẹ̀ kò le. Molikúùlù ásíìdì málíìkì ní apá méjì tó ń fún un ní kíkan. Bakitéríà máa fi énsáìmù gé ọ̀kan kúrò, èyí tó gé á bá kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì lọ, ohun tó kù ni ásíìdì láktíìkì, tó ní apá kan ṣoṣo. Giráàmù 134 málíìkì ń di giráàmù 90 láktíìkì àti giráàmù 44 kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì. Bí ọtí kan bá ní giráàmù 4 málíìkì nínú lítà, nǹkan bí giráàmù 2.7 láktíìkì ló máa kù síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. pH á fi nǹkan bí 0.1 sí 0.3 gòkè. Kíkan tó ń gé ni lẹ́yìn eyín á di kíkan tó rọ̀, irú ti ògì.

Èrè mìíràn tún wà. Ọtí tí málíìkì ṣì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wá rọ sínú ìgò, tí wọ́n dé pa, lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò bí bakitéríà bá yọ́ wọ̀ ọ́. Ọtí á dà gùdẹ̀, ìgò lè bẹ́. Bí a bá jẹ́ kí bakitéríà jẹ málíìkì náà tán kí a tó rọ ọtí sínú ìgò, wàhálà yìí kò ní í ṣẹlẹ̀.

Bakitéríà tí wọ́n ń lò jù fún iṣẹ́ yìí lágbàáyé ni Oenococcus oeni. Leuconostoc oenos ni wọ́n ń pè é títí di 1995. Ó lè fara da ọtí tí agbára rẹ̀ ju ìdá 13 nínú 100 lọ, ó sì lè gbé níbi tí pH ti tó 3.2. Ohun tí kò fẹ́ ni ooru nínú ọtí. Nǹkan bí 18°C sí 22°C ló ń fẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Sekona nínú oṣù Ẹrẹ́nà mọ̀ pé a kò ní irú ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

6.5 Èso wo, ásíìdì wo?

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Faransé tàbí Amẹ́ríkà lórí ọtí wáìnì, èso àjàrà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nínú àjàrà, ásíìdì tàtáríìkì àti málíìkì ló pọ̀. Sítíríìkì inú rẹ̀ kéré, kì í sábà ju ìdajì giráàmù lọ nínú lítà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó wá bu bakitéríà sínú ọtí ọsàn nítorí pé ó fẹ́ kí ó rọ̀ lẹ́nu, ti kó sínú ọ̀fìn.

Sítíríìkì ló jọba nínú ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́. Òun náà ló pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ̀-òyìnbó, tí málíìkì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni máńgòrò. Sítíríìkì inú omi ọsàn lè tó giráàmù 10 nínú lítà kan. Bakitéríà ásíìdì láktíìkì ọtí kò kàn ń jẹ málíìkì nìkan, ọ̀pọ̀ wọn lè jẹ sítíríìkì pẹ̀lú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́ sì yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ sítíríìkì, ásíìdì asẹ́tíìkì, ìyẹn ásíìdì inú fínígà, ń jáde nínú rẹ̀, dayasẹ́tìlì náà sì ń jáde, èròjà tó ń rùn bíi bọ́tà. Dayasẹ́tìlì díẹ̀ kò burú, àwọn kan tilẹ̀ ń wá a nínú wáìnì funfun. Ṣùgbọ́n bí sítíríìkì bá tó giráàmù 10, tí bakitéríà sì rí i jẹ dáadáa, ọtí ọsàn náà á máa rùn bí bọ́tà tó ti kan, yóò sì máa ta bíi fínígà. Iṣẹ́ tí a ní kó tún un ṣe ló bà á jẹ́ yẹn.

Nítorí náà, bí sítíríìkì bá pọ̀ nínú èso yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ìwúkàrà nìkan ṣe ọtí náà. Bó bá kan jù, ẹ fi omi èso tí kò kan là á, irú ìbẹ́pẹ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ṣúgà díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Bakitéríà kì í ṣe oògùn gbogbo kíkan.

Èso tí málíìkì ti ń ṣe olórí ni ibi tí bakitéríà ti wúlò. Kajú jẹ́ ọ̀kan. Omi èso kajú pọ̀ lásìkò rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń tà kóró rẹ̀ sì ń da èso náà nù sábẹ́ igi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan, ti wẹ́wẹ́ àti ti àgbagbà. Málíìkì inú wọn ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń pọ́n. Ní ojú sáyẹ́ǹsì, àwọn baba wa tó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọtí tí bakitéríà ń bá ìwúkàrà ṣe kò ṣìnà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: kò kan tó. pH omi rẹ̀ sábà máa ń ga ju 4 lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò tí a kò pè ti ń rí ààyè. A gbọ́dọ̀ mú un wálẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣùgbọ́n sítíríìkì lẹni náà kó wọlé yẹn, ọ̀rọ̀ tí a ń sá fún ló padà pè. Àjàgbọn ló dára jù, èyí tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní tsamiya. Tàtáríìkì ni ásíìdì rẹ̀, àwọn bakitéríà tí à ń lò fún iṣẹ́ yìí kì í sì sábà fọwọ́ kàn án. A máa rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, a máa sẹ́ ẹ, a máa da omi rẹ̀ sí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí pH yóò fi wà láàárín 3.5 sí 3.7.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mú málíìkì kúrò láìlo bakitéríà. Schizosaccharomyces pombe, ìwúkàrà kan tí Paul Lindner kan náà ṣàpèjúwe ní 1893 láti inú ọtí ọkà ìlà-oòrùn Áfíríkà, lè sọ málíìkì di ẹ́tánọ́ọ̀lù. Kì í rọrùn láti dá a dúró bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fi òórùn tí kò dára sínú ọtí, ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní í rí i nínú iṣẹ́ àṣedánwò orí yìí.

6.6 Ta ló máa ṣáájú?

Bí èso bá ti yẹ fún bakitéríà, ìgbà tí a máa bù ú sí i ló kù.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí ìwúkàrà parí iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ṣúgà bá tán, a máa bu bakitéríà sí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ṣúgà tí bakitéríà lè sọ di ásíìdì asẹ́tíìkì mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó le ni a ń rán bakitéríà lọ. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ti kún ibẹ̀, ìwúkàrà ti jẹ èyí tó dára jù nínú oúnjẹ tán, ó sì ti fi àwọn ásíìdì ọ̀rá àti sálífà dàyọ́sáìdì díẹ̀ sílẹ̀, tó ń dí bakitéríà lọ́wọ́. Bí ìwúkàrà tó ti kú ní ìsàlẹ̀ ìkòkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í túká, oúnjẹ rẹ̀ á padà tú jáde fún bakitéríà, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ìfófòó tó ń ṣọ́ ojú ọtí, bakitéríà fínígà sì wà nítòsí.

Ọ̀nà kejì ni kí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. A máa bu ìwúkàrà sí omi èso, wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn náà la máa bu bakitéríà sí i. Ẹ́tánọ́ọ̀lù kò tíì pọ̀, oúnjẹ ṣì wà, ìfófòó ìwúkàrà sì ń dáàbò bo gbogbo wọn. Bakitéríà á mọ ibi tó wà lára díẹ̀díẹ̀ bí agbára ọtí ṣe ń lọ sókè. Ewu ọ̀nà yìí ni pé bí ìwúkàrà bá kú sójú iṣẹ́ nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀, bóyá nítorí pé ooru kọjá 35°C, bakitéríà á jogún ṣúgà yẹn. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣe asẹ́tíìkì láti inú ṣúgà ni, ọtí náà ti bàjẹ́.

Fún ojú ọjọ́ tiwa, ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́, ìdí rẹ̀ sì ni bakitéríà kan tí ilé Yorùbá kò ṣàjèjì sí. Nígbà tí I. A. Akinrele, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ògì jáde ní 1970, Lactobacillus plantarum wà lára àwọn tó rí pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú kíkan ògì. Láti 2020, Lactiplantibacillus plantarum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bakitéríà yìí kan náà wà lára èyí tí wọ́n ń tà báyìí fún sísọ málíìkì di láktíìkì nínú wáìnì. Ó gba ooru ju Oenococcus lọ, àní 30°C kì í ṣe wàhálà fún un, bó bá sì jẹ gúlúkóòsì tàbí fúrúkítóòsì, láktíìkì ló ń ṣe, kò ní í ṣe asẹ́tíìkì nínú rẹ̀. Ewu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ dín kù púpọ̀. Ibi tó kù díẹ̀ sí ni pé kò fẹ́ kí pH kéré ju nǹkan bí 3.4 lọ, agbára ọtí tó ga sì máa ń pa á, ìdí nìyí tó fi yẹ kó tètè wọlé.

Ẹ má tìtorí èyí da omidùn ògì sínú ọtí. Òótọ́ ni pé plantarum wà nínú omidùn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn bakitéríà kan ń sọ àwọn èròjà inú omi èso di hísítámììnì àti àwọn ìbátan rẹ̀, tó lè fa orí fífọ́ àti ara yíyún. Ẹ̀yà tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni kí a máa lò.

6.7 Iṣẹ́ àṣedánwò: ìgò mẹ́ta

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí. Iṣẹ́ yìí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni mu ún, ẹni tó bá sì wù lè jẹ́ kí ìgò tirẹ̀ di fínígà nígbẹ̀yìn, kó kọ ìwé lórí ìyẹn.

Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kílò 3 tí èèpo rẹ̀ ti dúdú. Ẹ bó o, ẹ fọ́ ọ sínú omi lítà 5, ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná dé 70°C, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ooru yìí á pa àwọn kòkòrò tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti oko. Á tún pa énsáìmù tó ń tú mẹ́tánọ́ọ̀lù jáde láti ara pẹ́kítìnì èso. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣúgà funfun kún un títí háídíróomítà yóò fi ka 1.070, ẹ sì fi omi àjàgbọn mú pH wá sí 3.6. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó kan ìgò.

Ẹ pín in sínú ìgò mẹ́ta tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Ẹ má ṣe rọ wọ́n kún dé ẹnu. Ìwúkàrà tó jẹ́ ìdámẹ́rin giráàmù fún lítà kan tó. Ẹ kọ́kọ́ da ìwúkàrà gbígbẹ náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 37°C, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó dà á sí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún wáìnì máa ń sọ̀ sísàlẹ̀ dáadáa, ọtí rẹ̀ sì máa ń tòrò ju tirẹ̀ lọ. Ìgò kìíní, ìwúkàrà nìkan. Ìgò kejì, ẹ bu plantarum sí i lẹ́yìn wákàtí 24. Ìgò kẹta, ẹ dúró títí háídíróomítà kò fi ní í yí padà fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, kí ẹ tó bu plantarum sí i. Iye bakitéríà tí ẹ máa bù wà lára páálí rẹ̀. Inú fíríísà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Níbi tí iná kò bá dúró, ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ gbà á.

Ẹ má dé ìgò kankan pa. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdérí, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú kọ́ọ̀bù omi, kí kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì lè máa jáde láìjẹ́ kí kantíkantí wọlé. Ẹ gbé ìgò náà sínú abọ́ omi, kí ẹ fi àpò tútù bò wọ́n. Omi tó ń gbẹ lára àpò á máa mú ooru lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, ẹ kọ ohun tí háídíróomítà kà àti pH sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gba mílílítà 10 lára ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ mì ín kí kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì jáde, kí ẹ fi sódíọ̀mù háídírósáìdì 0.1 M àti phenolphthalein wọn gbogbo kíkan rẹ̀.

Iṣẹ́ tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti bébà. Ẹ mú bébà kurumatógíráfì, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà lókè díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kán ọtí ìgò kọ̀ọ̀kan sórí ìlà yẹn ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú málíìkì, láktíìkì, sítíríìkì àti tàtáríìkì gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ gbé e dúró nínú ìgò gbígbòòrò tí omi inú rẹ̀ jẹ́ àpòpọ̀ butanol, ásíìdì fọ́míìkì àti omi, tí a pò bromocresol green mọ́, kí ẹ dé e, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí bébà bá gbẹ, ojú rẹ̀ á di búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ibi tí ásíìdì bá wà á sì yọ lára rẹ̀ bí àmì yẹ́lò. Tàtáríìkì ló máa wà nísàlẹ̀, sítíríìkì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà málíìkì, láktíìkì wà lókè. Nínú ìgò kìíní, àmì málíìkì á ṣì wà níbẹ̀ kedere. Nínú ìgò kejì, á máa ṣá lójoojúmọ́, láktíìkì á sì máa mọ́lẹ̀ sí i, ó sì ṣeé ṣe kí málíìkì tán kí ṣúgà tó tán. Ìgò kẹta lè pẹ́, ó sì lè má bẹ̀rẹ̀ rárá bí agbára ọtí bá ti ga jù. Kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ yín kò bọ́ sí i, ẹ wo pH, ẹ wo ooru, ẹ wo agbára ọtí rẹ̀. Ẹ̀rí gidi ni ìgò tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí málíìkì bá ti tán, ẹ rọra da ọtí kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Àsìkò yìí ni kí ẹ fi pọtásíọ̀mù mẹtabaisọ́fáìtì sí i, nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 giráàmù fún lítà kan, èyí tó ń fún wa ní nǹkan bí mílígíráàmù 50 sálífà dàyọ́sáìdì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sí i ṣáájú, nítorí ó máa pa bakitéríà yín kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tó bá ń rò ó láti tà gbọ́dọ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC.

6.8 Ìbéèrè

1. Omi èso kan ní giráàmù 204 ṣúgà nínú lítà kan. Ìdá mélòó nínú 100 ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ẹ lè retí? Bí giráàmù 5.4 málíìkì bá wà nínú lítà kan rẹ̀, giráàmù láktíìkì mélòó ló máa kù lẹ́yìn tí bakitéríà bá jẹ málíìkì náà tán?

2. Kí ló dé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kò fi lè di àgàdàgídí, bó ti wù kí ìwúkàrà tí a bù sí i pọ̀ tó?

3. Ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dúró sójú iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, háídíróomítà ka 1.030, ooru inú yàrá jẹ́ 37°C. Plantarum ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwúkàrà. Ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ bí àbájáde rẹ̀ ìbá ṣe yàtọ̀ bó bá jẹ́ bakitéríà tó ń ṣe asẹ́tíìkì láti inú ṣúgà ló wà níbẹ̀.

4. Ẹ lọ bá adẹ́mu kan ládùúgbò yín. Ẹ béèrè bó ṣe ń tọ́jú agbè rẹ̀ àti ìdí tó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó sọ wé ètò tó wà ní 6.3.

5. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Sekona ní ọsàn púpọ̀ àti èso kajú púpọ̀ lásìkò kan náà. Wọ́n ti ra Oenococcus oeni, wọ́n sì fẹ́ lò ó fún ọtí méjèèjì nínú oṣù Ẹrẹ́nà láìsí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Ẹ kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa yí padà nínú ètò wọn fún èso kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.